Òmìnira Ursule Taconnet

Ursule Taconnet ló ń rán bàtà, Ọ̀gá Grimbert ló ń gba ìyìn. Bí ìyàwó olówó kan ní Paris bá gbé ẹsẹ̀ sókè lójú agbo ijó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé ta ló rán irú bàtà yìí fún un, orúkọ Grimbert ni yóò dá. Kò mọ̀ pé obìnrin kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Grimbert, lórí àpótí kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí gọ́tà, tó ń fi òòlu lu awọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ti bàbá Ursule ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì ní arákùnrin kankan. Òfin ẹgbẹ́ àwọn aránbàtà kò ṣe é bá jiyàn: ọkùnrin tó ti jẹ oyè ọ̀gá nìkan ló lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Opó ọ̀gá lè jókòó tì í títí yóò fi fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin ọ̀gá, kó lọ wá ọkọ. Kí wọ́n tó sin òkú tán, Grimbert, tó jẹ́ olóyè nínú ẹgbẹ́ náà, ti ra ṣọ́ọ̀bù ní owó tí kò tó ra màlúù méjì. Etí ibojì ló ti sọ fún Ursule pé, "Má sunkún mọ́. Mi ò ní lé ẹ. Àpótí ẹ ṣì wà níbẹ̀." Yàrá tí wọ́n bí Ursule sí, Sabine ọmọ Grimbert ló wá ń sùn nínú ẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì Sabine kúrú ju ọ̀tún lọ. Bí kò bá wọ bàtà, ńṣe ló máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tí omi ti wọ̀. Ursule ló wá ọgbọ́n sí i. Ó to igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ìgò sínú bàtà òsì, ó gé gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún kúrú, ó wá fi awọ bo gbogbo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè mọ ìyàtọ̀. Sabine ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi bí ọmọ ìjòyè, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀, Ursule àti Fiacre nìkan ló mọ àṣírí náà. Bí Ursule bá kúnlẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, Sabine kì í wo ojú rẹ̀, àjà ilé ló máa ń wò. Tí wọ́n bá ṣe tán, yóò rọra fi èso píà kan sórí àpótí Ursule, yóò sì lọ láìsọ̀rọ̀. Ajá ìta ni Ursule máa ń fún ní píà náà.

Fiacre Lenoble tí mo dárúkọ, ọmọṣẹ́ Grimbert ni, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi àrà gé awọ bí ẹni ń gé ọṣẹ. Òun àti Ursule ń fẹ́ra wọn. Ó ti pẹ́ tó ti mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì gba fíríìdọ̀mù, torí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ló ń fúnni, àwọn olóyè kò sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé bàtà ìdánwò wá, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ní okùn rẹ̀ dẹ̀. Nígbà kejì, wọ́n ní kó kọ́kọ́ se àsè fún àwọn adájọ́. Ó jẹ gbèsè se é. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu wáìnì, wọ́n nu ẹnu, wọ́n gé bàtà náà, wọ́n ní okùn rẹ̀ ti le jù báyìí.

Ilé ọtí Ìyá Cotard ni ìròyìn tó yí gbogbo nǹkan padà ti kọ́kọ́ dé etí wọn. Opó ni Ìyá Cotard, ó ń ta wáìnì àti ọbẹ̀ kábéèjì sí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀. Ọ̀dọ́ àlùfáà kan tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, Quillet, ló háyà yàrá òkè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì mínísítà tó ń bójú tó owó ọba ni Quillet ti ń da ìwé kọ, àdúgbò sì ń pè é ní Fáda Kékeré. Lọ́jọ́ náà, ó sáré wọlé bí ẹni tí iná ń lé, yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ọba ti fọwọ́ sí i!" ó pariwo. "Ọ̀gá mi ti tú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ká. Aránbàtà, aránṣọ, alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, kó máa ṣe é. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, àlejò ni o!"

Fiacre gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ni yóò wá máa yẹ iṣẹ́ wò?"

"Ẹni tó fẹ́ rà á! Fiacre, ta ló ni ọwọ́ ẹ? Ìwọ ni. Ẹni tó bá wá ní kó o sanwó fóun kó o tó lo ọwọ́ ara ẹ, kí là ń pè é bí kò ṣe olè? Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń rán bàtà níbi tí ogún ti ń rán an tẹ́lẹ̀, bàtà á pọ̀, owó ẹ̀ á wálẹ̀, èyí tó dáa á tà, èyí tí kò dáa á kú sórí àtẹ. Kò sídìí fún kóńdó ọlọ́pàá nínú ẹ̀. Ohun tí ọ̀gá mi ń wí ò ju pé kí wọ́n fi àwọn èèyàn sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é."

Ìyá Cotard pòṣé láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. "Àbí ọ̀gá yín náà kọ́ ló ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí oníkálukú máa tà á bó ṣe wù ú? Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Búrẹ́dì di ohun tí à ń fojú wò. Àwọn tó bínú lọ kó o, wọ́n so wọ́n rọ̀ ní gbàgede Grève. Ojú mi ló ṣe."

"Ìyá, ìkórè ló burú lọ́dún yẹn. Ká ní wọ́n ní sùúrù díẹ̀ ni—"

"Ikùn ta ló ń ní sùúrù? Tìẹ ni? Ṣebí ọbẹ̀ mi lò ń lá."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ursule kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ tí òwú oní-ìda ti gé yánnayànna, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un.

Nígbà tí wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ògiri, ìlú gbóná. Àwọn ọmọṣẹ́ sọ irinṣẹ́ sílẹ̀ lójú àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọn kò gùn rí láyé wọn, wọ́n ń kọrin yí ìgboro ká. Ursule kò gun kẹ̀kẹ́ kankan. Ó tú ápùrọ́nù rẹ̀, ó ká a, ó fi sórí àpótí.

"Níbo lò ń lọ?" ni Grimbert bi í.

"Mo fẹ́ lọ lo ọwọ́ mi, Ọ̀gá."

"Ọwọ́ tí mo bọ́ láti ọjọ́ yìí? Bàbá ẹ kú, mo kó ẹ mọ́ra, ohun tó o fi san án nìyí?"

"Ẹ ò kó mi mọ́ra, Ọ̀gá. Ẹ kó mi pọ̀ mọ́ ẹrù ni."

Grimbert wo ápùrọ́nù tó wà lórí àpótí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ta ni yóò wá máa rán ti Sabine?"

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá," ni Ursule dá a lóhùn. "Ẹ rán an."

Yàrá kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Grimbert gan-an ló háyà. Ó ní kí wọ́n kọ TACONNET gàdàgbà sára ògiri. Fiacre tẹ̀ lé e, òun ló ń gé awọ, Ursule ló ń rán an. Kò pẹ́ tí èrò fi ń wọ́, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Láti ìgbà tí Paris ti wà ni ọkùnrin ti ń di ẹsẹ̀ àwọn obìnrin mú láti fi wọn bàtà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró sí ọrùn ẹsẹ̀. Wàyí o, obìnrin ń wọn obìnrin. Àwọn ìyá ń mú ọmọ wọn wá. Àwọn ọkọ tó ń jowú ń rán ìyàwó wọn wá fúnra wọn. Owó bàtà Ursule kò tó ti Grimbert, bàtà náà sì dára jù. Fáda Kékeré a máa wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. "Ẹ wò ó," yóò wí fún ẹni tó bá ń kọjá, "ohun tí ọ̀gá mi kọ sínú ìwé rèé, ó ti di bàtà."

Lọ́jọ́ kan, Fiacre dúró níta, ó ń wo ògiri. Ó wọlé, ó ní, "Ursule, orúkọ mi dà?"

"Orúkọ bàbá mi nìyẹn."

"Bàbá ẹ ti kú. Èmi tí mò ń gé awọ kò tíì kú."

"Mo sì ń sanwó ẹ ní gbogbo Sátidé. Àbí mo ti jẹ ẹ́ rí?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ owó. Mo rò pé a jọ ń ṣe é ni. Mo rò pé a máa ṣègbéyàwó."

Ursule kò gbójú sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn Fiacre, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú òfin ilẹ̀ náà, ohun tí ìyàwó bá ní, abẹ́ àṣẹ ọkọ ló wà, ó sì ti rí i rí bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ó yẹ kó sọ èyí fún un ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ẹni tó bá fẹ́ rí orúkọ ẹ̀ lára ògiri, kó lọ háyà ògiri tiẹ̀. Òmìnira ti dé, Fiacre. Kò sẹ́ni tó so ẹ́ mọ́ àpótí."

Fiacre rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ sí i.

Ní gbogbo àkókò yìí, bàtà Sabine ti gbó. Grimbert ti gbìyànjú láti rán òmíràn fún un, ó bàjẹ́. Ó tún un rán, ó bó ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá àwọn aránbàtà, kò lè bo ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tó sú Sabine, ó fúnra rẹ̀ sọdá òpópónà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó di ara ògiri mú wọ ṣọ́ọ̀bù Ursule. Àwọn obìnrin oníbàárà kún inú ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ursule, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá yín sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún?"

"Ibí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bàtà. Sọ ọ́."

Sabine wo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. "Mo mú owó wá. Ìlọ́po méjì iye tí ẹ bá dá lé e."

"Jókòó. Gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí yìí ká rí i." Sabine gbé ọ̀tún. "Èyí kọ́ o. Èkejì ńkọ́? Àbí ẹyọ kan lo ní?"

Ojú Sabine pọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ursule bọ́ bàtà náà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó wá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí gbogbo ilé lè rí bí ọ̀kan ṣe kúrú sí èkejì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá wò ó. Èyí tí ẹ máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń yan bí ọmọ ọba, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan, yí ojú sí ògiri. Omijé ti bo ojú Sabine, ṣùgbọ́n kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, torí ó ṣì rò pé lẹ́yìn ìyà náà, bàtà yóò wà.

"Ṣé ẹ máa bá mi rán an?"

"Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́—"

"Mo ní rárá. Tẹ́lẹ̀, bàbá ẹ á pàṣẹ, èmi á kúnlẹ̀. Òfin tuntun ní kò sẹ́ni tó lè fipá mú mi ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò wù mí. Ìwọ ò wù mí. Wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ."

Fiacre ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì awọ. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà gbígbó náà fún Sabine, ó fi apá gbé e dìde, ó sì mú un lọ sí òdìkejì òpópónà. Àwọn ọmọ ìta ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan tiro.

"Bó o bá ti fà á lé bàbá ẹ̀ lọ́wọ́, kó o tètè padà o!" ni Ursule ké tẹ̀ lé e. "Awọ ń dúró!"

Ní ọjọ́ yẹn, ohun tó ṣe dùn mọ́ ọn bí oyin. Kí ó tó jẹun alẹ́, oyin náà ti kan lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ pe Sabine padà. Ó tilẹ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ránṣẹ́ pè é, wọn yóò rò pé ẹ̀rù Grimbert ń ba òun.

Oṣù Karùn-ún kò tíì dé ìdajì tí Fáda Kékeré fi wọ ilé Ìyá Cotard lọ́sàn-án gangan, ìgò tàdáwà rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. "Wọ́n ti yọ ọ̀gá mi," ó ní. "Wọ́n ní kí gbogbo wa kó ẹrù wa." Àwọn ìjòyè tí mínísítà náà fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn, àwọn adájọ́ tó bínú sí i, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, gbogbo wọn ti pa ẹnu pọ̀ sétí ọba. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀gá aránbàtà tan àbẹ́là tó pọ̀ bí òjò níwájú ère Krísípínì Mímọ́, alábòójútó àwọn aránbàtà. Láti ìgbà náà ni Grimbert ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ursule ní gbogbo òwúrọ̀. Kò bú u. Fìlà rẹ̀ ló máa ń ṣí sí i, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn tó ń ta awọ ló kọ́kọ́ gbóòórùn pé ẹgbẹ́ fẹ́ padà. Bí Ursule bá dé, awọ ti tán. Bí Ursule bá yí ẹ̀yìn padà, awọ ti dé.

Fiacre dúró títí di ìgbà tí ooru mú gan-an. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó pọ́n ọ̀bẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Grimbert ti fún mi ní Sabine."

Ursule wò ó títí. "Ṣé Sabine ló fún ẹ, àbí oyè?"

"Inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọ̀gá, wọn kì í gé bàtà ẹ̀, wọn kì í jẹ àsè ẹ̀. Ẹgbẹ́ ń padà bọ̀, Ursule, gbogbo ìlú ló mọ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n tún padà lọ di ọmọṣẹ́ pẹ̀lú irun funfun?"

"O fẹ́ràn ẹ̀?"

Ó ronú sí i, torí olóòótọ́ ni ní ọ̀nà tirẹ̀. "Ó máa ń bẹ̀ mí. Ìwọ kì í bẹ èèyàn."

"Fiacre—"

"Ìwọ náà lo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó so mí mọ́ àpótí."

Ó lọ. Ibi tó ń lọ kò ju kó sọdá òpópónà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n lẹ òfin mìíràn mọ́ ògiri, lórí ti àkọ́kọ́: ẹgbẹ́ ti padà. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òfin sùn, kó sanwó ìwọlé, kó yege ìdánwò, tàbí kó pa fèrèsé dé. Fáda Kékeré ló kà á fún Ursule, ó ń fi ìka tọ́ ìlà kan. "Wọ́n fi obìnrin kún un! Ẹ wò ó níbí. Obìnrin náà lè jẹ ọ̀gá. Wọn ò lè pa èrò ọ̀gá mi run tán, díẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lára."

Ursule ta ibùsùn rẹ̀. Ó ta yẹtí ìyá rẹ̀. Ìyá Cotard yá a ní èyí tó kù, ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé mi ò ní rí i gbà mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí ojú Grimbert." Ursule san án, wọ́n sì pè é wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti wá rán bàtà obìnrin kan níṣojú wọn. Ó rán an. Kò rán irú rẹ̀ rí láyé. Okùn rẹ̀ tò bí eyín ọmọdé.

Àṣà wọn ni pé ọ̀gá tó kéré jù lọ lóyè ló ń di ọ̀bẹ mú. Fiacre, tó ti fẹ́ Sabine tó sì ti jẹ oyè, jáde síwájú nínú ẹ̀wù dúdú tuntun. Sabine ń gbé wáìnì kiri fún àwọn adájọ́, ó ń tiro láti orí àga kan dé èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó dúró. Fiacre fi ọ̀bẹ la àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà láti orí dé ìdí. Ó ṣí i. Ó wo inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Kí lo rí?" ni Grimbert bi í.

Sabine gbé ọwọ́ lé Fiacre léjìká.

"Òwú ẹ̀ kò gba ìda tó," ni Fiacre wí fún ilẹ̀. "Á máa jomi."

"Irọ́ ni!" Ursule ti dìde. "Ẹ jẹ́ kí n rán ọ̀kan mìíràn... ẹ bu omi wá. Ẹ da omi sí i, ká wò ó bóyá á jò!"

"Wọ́n ti gé e," ni Grimbert wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàtà tí wọ́n ti gé, báwo ló ṣe máa ṣe é tí kò ní jò?"

Gbọ̀ngàn náà rọ́ gììrì fún ẹ̀rín. Kódà àlùfáà ẹgbẹ́ náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ursule béèrè owó rẹ̀. Wọ́n ní owó ìdánwò kì í padà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n rán èèyàn lọ kó awọ rẹ̀ àti àwọn ẹsẹ̀ onígi tó fi ń mọ bàtà, wọ́n fi ẹfun pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́ lára ògiri. Ó dúró lójú òpópónà, ó ń wò wọ́n. Sabine sọdá wá bá a.

"Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé àpótí yín ṣì wà," ni Sabine wí. "Ṣùgbọ́n bàbá mi ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wa, èmi ni mò ń pàṣẹ níbẹ̀. Èmi ò sì fẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú mi, àbí, Ẹ̀gbọ́n?"

Sabine dúró de èsì Ursule, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nígbà tí kò sì rí i, ó yí padà, ó ń tiro lọ. Kò sẹ́ni tó rán bàtà fún un títí di ìgbà náà. Fiacre dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó rí i pé yóò pẹ́ kó tó dé, ó wọlé lọ.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹgbẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, torí kò sẹ́ni tó ń jowú rẹ̀: títún bàtà gbígbó ṣe. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Nígbà tí òtútù dé, Ursule ti wà lẹ́bàá afárá, ó jókòó sórí òkúta, ó ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ bàtà àwọn tó ń pọnmi tà àti àwọn tó ń ru ẹrù létí odò Seine. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó ti di dúdú. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Bí ọmọ kékeré bá ń sunkún níbẹ̀, a máa lé e.

Ibẹ̀ ni Fáda Kékeré ti wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti rù, bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti lanu bí ẹja. Ó bọ́ ọ fún un, ó fi ẹsẹ̀ oníbọ̀sẹ̀ dúró lórí yìnyín. Bí Ursule ti ń rán an ni ó ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má sọ̀rètí nù. Èrò ọ̀gá mi ò kú. Òtítọ́ ni, òtítọ́ kì í kú. Ẹ ó rí i, ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní sí ẹgbẹ́ kankan mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á máa ṣe é. Wọ́n á máa rántí yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́—"

"Fáda," ni Ursule wí, "ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ ta ni bàtà mi máa wọ̀?"

Ursule já òwú náà, ó na bàtà sí i, ṣùgbọ́n kò tíì fi sílẹ̀. "Sou mẹ́ta lowó ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n Ursule, mi ò ní in lọ́wọ́ lónìí. Mo rò pé nítorí ohun tó wà láàárín wa—"

"Kí ló wà láàárín wa?"

"Mo máa mú un wá lọ́la. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ó ń dì."

Ursule wo ẹsẹ̀ náà. Omi yìnyín ti wọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ jáde, ó pọ́n bí ata. Ó wò ó bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́.

"Ìwọ lo kọ́ mi," ni ó wí. "Ẹni tó ń tà kò lè fipá mú ẹni tó ń rà, ẹni tó ń rà kò lè fipá mú ẹni tó ń tà. O lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Ó fi bàtà náà sẹ́yìn òkúta tó jókòó lé. Fáda Kékeré dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, tó rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ló wá yí padà, ó di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ó ń fi ẹsẹ̀ tó wọ bàtà tẹ ilẹ̀, ó ń fi èkejì tọ́ yìnyín wò. Ọkùnrin aláàárù kan ti gba ipò rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó sì nà án sí Ursule.

"Ìyáàfin, èyí ṣe é tún ṣe?"

"Jẹ́ n rí i," ni Ursule wí.